Ìlà Funfun Ara Máàpù Yẹ̀kínì

Yẹ̀kínì kì í lẹ máàpù nígbà ọyẹ́. Bí ọyẹ́ bá ti wọ ìlú, tí ètè bẹ̀rẹ̀ sí í bó, tí eruku bo Òkè Màpó débi pé téèyàn bá wà ní Bẹẹrẹ, kò ní rí gbọ̀ngàn orí òkè náà dáadáa, yóò gbé pátákó rẹ̀ ti ògiri, yóò sì máa ta àwọn èyí tó ti lẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí oníbàárà bá ń kánjú, yóò ní, "Ẹ jẹ́ kí òjò kan rọ̀ ná." Bí oníbàárà bá bínú lọ, yóò jẹ́ kó máa lọ.

Àbúrò mi ni. Ìyá kan náà ló bí wa, ẹ̀yìn mi ló sì ti kọ́kọ́ mọ ọ̀nà ọjà. Ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́nu ilé bàbá wa ní Bẹ́yẹrúnkà, níbi tí ọ̀nà ti fún tó bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́kadà méjì kò lè pàdé kí ọ̀kan má dúró fún ìkejì. Ilé yẹn náà ni mo padà sí nígbà tí ọkọ mi kú. Mo gba yàrá kan àti pálọ̀ tó kọjú sí ìsọ̀ náà. Bí mo bá ti ti ọjà dé, tí mo kó abọ́ tí mò ń tà l'Ọ́jà'ba wọlé, ojú fèrèsé ni mo máa ń jókòó sí. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó ń ṣe nínú ìsọ̀ yẹn tí n kò rí.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Máàpù ńláńlá tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri ilé ìwé, Ṣómólú l'Ékòó ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ wá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ kò fẹ̀ tó, nítorí náà abala méjì ni máàpù ńlá máa ń jẹ́ bó bá dé. Bébà lásán ni nígbà náà, ọmọ ilé ìwé kan á kàn fi ìgbọ̀nwọ́ ya á lọ́jọ́ kan ni. Yẹ̀kínì ló ń sọ ọ́ di ohun tó ń pẹ́. Yóò na aṣọ funfun mọ́ pátákó, yóò rin ín títí omi yóò fi máa kán lára rẹ̀, yóò fi sítáàṣì gbígbóná pa á. Yóò wá tẹ́ abala àkọ́kọ́ lé e, yóò fi àkísà nu afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ jáde láti àárín lọ sí etí. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé abala kejì, tí yóò dà á mọ́ àkọ́kọ́ kí odò lè bá odò, kí ọ̀nà sì bá ọ̀nà. Bó bá gbẹ, yóò kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí òkè àti ìsàlẹ̀, yóò so okùn sí i. Zulaihat ìyàwó rẹ̀ ló ń ro sítáàṣì náà. Ó máa ń sọ pé àwọn obìnrin yòókù ń rokà fún ọkọ, òun ń rokà fún ògiri.

Yẹ̀kínì kì í ṣe ẹni tó ń yin ara rẹ̀, àfi lórí ohun kan. Bí máàpù bá ti gbẹ, yóò pe ẹni tó bá ń kọjá lọ.

"Wá. Di ojú ẹ. Fi ọwọ́ pa á. Sọ ibi tí mo ti so ó fún mi."

Ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ ọ́n. Àwọn tó bá mọ̀ ọ́n, kì í pè wọ́n mọ́.

Kò kàwé púpọ̀. Ó lè ka orúkọ tí wọ́n bá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ, ṣùgbọ́n àwọ̀ ló fi mọ ayé. Ṣáínà jẹ́ yẹ́lò. Rọ́ṣíà pupa rẹ́súrẹ́sú bí inú gúáfà. Nígbà kan tí àwọn onítẹ̀wé yí àwọ̀ Gánà padà, ó bá wọn jà lórí fóònù bí ẹni pé wọ́n kó ohun olóhun sí ilé onílé. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì kọjá Ìlọrin rí. Àwọn Alhaji máa ń wá ra èyí tí Mẹ́kà hàn nínú rẹ̀ gedegbe. Àwọn Aládùúrà máa ń ra ìrìnàjò Pọ́ọ̀lù. Àwọn olóṣèlú máa ń ra ti ìjọba ìbílẹ̀ wọn, wọ́n á sì tún máa bẹ̀ ẹ́ pé kó sún ààlà díẹ̀ wọ inú ti ẹnì kejì.

Mikail ni àkọ́bí mi. Báàgì ló ń tà ní Gbági, ó sì máa ń lọ rà á fúnra rẹ̀ ní ìlú kan ní Ṣáínà tí àwọn oníṣòwò wa ń pè ní Gúáńsú. Nínú ìrìnàjò kan, àìsàn mú un níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ lọ gbé e dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó kú. Wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín sí ibi tí wọ́n ń sin àwọn Mùsùlùmí sí ní ìlú náà. Báàgì tó ti rà dé lẹ́yìn oṣù kan. Mo rí báàgì, n kò rí ọmọ. Kò sí ẹnì kankan láti ilé wa tó dúró létí sàréè rẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ fìdáù, níwájú gbogbo ará ilé, mo gbé ọwọ́ lé Kùránì. Mo ní ọmọ mi kankan kò gbọ́dọ̀ tẹ ilẹ̀ Éṣíà mọ́ lójú ayé mi. Mo ní èyí tó bá tẹ̀ ẹ́, èmi àti òun kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí wọn yóò fi gbé mi sin. Éṣíà ni mo sọ, nítorí ohun tí wọ́n pe ibẹ̀ nínú rédíò nìyẹn, mo sì fẹ́ kí ìbúra náà fẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún mi lẹ́yìn Mikail. Mujeebat ni, àbíkẹ́yìn, tó ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé nígbà náà. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sí ẹni tó ní kí n má búra. Yẹ̀kínì ń wo ilẹ̀.

Láti ìgbà náà, mo ṣàkíyèsí ohun kan. Bó bá ń tẹ́ abala tí Ṣáínà wà, ibi yẹ́lò yẹn ni yóò nù kẹ́yìn, yóò sì rọra nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó ń sùn.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé ìwé kan ń da Yẹ̀kínì láàmú, wọ́n fẹ́ máàpù Yúróòpù àti Éṣíà, wọn ò sì lè dúró. Àwọn onítẹ̀wé fi Yúróòpù sí abala kan, wọ́n fi Éṣíà sí ìkejì, kí ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan lè ra ọ̀kan. Inú ọyẹ́ ni. Ó lẹ̀ ẹ́. Aṣọ ń gbẹ bó ṣe ń rin ín. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, abala méjèèjì ti sún kúrò lára ara wọn, aṣọ funfun ti yọ láàárín wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fẹ̀ tó ìka méjì. Ilé ìwé kò gbà á. Ó gbé e wá sí pálọ̀ mi, ó ní kí n fi bo ibi tí ọ̀dà ògiri ti ń ṣí. Ibẹ̀ ló kọ́ ọ sí.

Iwájú máàpù yẹn ni mo ti ń jẹun láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo ní kí Mujeebat fi apá tó jẹ́ Éṣíà hàn mí, ó fi hàn mí, mo sì ń jókòó kí n lè kẹ̀yìn sí i. Àwọn òkun inú rẹ̀ jẹ́ búlúù, èyí tó wà láàárín Yúróòpù àti Éṣíà jẹ́ funfun. Mo ti gbọ́ pé omi máa ń dì lọ́hùn-ún tí èèyàn á fi lè dúró lé e. Mo ní òun nìyí, òkun yìnyín. Ọkàn mi balẹ̀ sí i. Bí òkun bá wà láàárín, ohun tó wà lápá ibí wà lápá ibí nìyẹn. N kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí lójú mi, ohun tó wà nílẹ̀ gbangba kò ṣeé béèrè.

Tísà Olúgbénga ì bá ti sọ fún mi bí mo bá béèrè. Tísà ti fẹ̀yìntì, jọ́gíráfì ló fi jẹun láyé rẹ̀, ó sì máa ń ti Òkè Bọ́lá wá jókòó ní ìsọ̀ Yẹ̀kínì. Lọ́jọ́ kan, ìyá ìjọ kan ládùúgbò rẹ̀ tó ń jẹ́ Eunice wá gba máàpù ìrìnàjò Pọ́ọ̀lù. Ó tú u wò, ó kọjú sí Yẹ̀kínì.

"Éṣíà dà?"

"Òun lẹ fọwọ́ lé yẹn, Mọ́mì."

"Èyí tí kò tó àtẹ́lẹwọ́? Éṣíà tó wà lára ògiri ẹ yìí ńkọ́, tó gba gbogbo ògiri? O fẹ́ rẹ́ ìjọ Ọlọ́run jẹ!"

"Ẹ má bínú sí i," ni Tísà wí. "Ibi kékeré yẹn nìkan ni wọ́n ń pè ní Éṣíà láyé àtijọ́. Àwọn èèyàn etí omi ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní ìhín omi ni Éṣíà, ọ̀hún omi ni Yúróòpù. Wọn ò mọ̀ pé ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn àwọn kò lópin. Bí àwọn èèyàn ṣe ń rìn wọ inú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé orúkọ náà dání, títí tó fi dé òkun ẹ̀yìn Ṣáínà."

"Omi tó pín wọn wá ńkọ́? Ó dé Ṣáínà?"

"Kò lọ síbì kankan. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá rẹ̀, ilẹ̀ kan ṣoṣo ni. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀dọ̀ àwọn Potogí dé Ṣáínà, bàtà yín ló máa tán. Nígbà tí omi tán, àwọn ọ̀mọ̀wé wá òkè kan àti odò kan, wọ́n ní kó jẹ́ ààlà. Àwọn míì ní kí ni gbogbo wàhálà yìí, wọ́n pa orúkọ méjèèjì pọ̀, wọ́n ní Yúréṣíà."

Yẹ̀kínì gbé ojú sókè nínú sítáàṣì. "Ta ló fún òkè yẹn láṣẹ?"

"Ta ló fún Bẹẹrẹ láṣẹ? Ìwọ tó o dàgbà síbí, níbo gan-an ni Bẹẹrẹ ti parí tí Màpó ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ibi tí ọlọ́kadà bá ti ní kí n fowó kún un ni."

Ẹ̀rín ni ìyá ìjọ náà fi gbé máàpù rẹ̀ lọ. Mo wà ní ojú fèrèsé, mò ń tú abọ́ tuntun kúrò nínú bébà. Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn. Bí mo bá ti gbọ́ Éṣíà lẹ́nu ẹnikẹ́ni nígbà náà, abọ́ ni mo máa ń kọjú mọ́. Ọjọ́ tí Yẹ̀kínì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún mi bí mo ṣe sọ ọ́ yìí, ó ti pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà.

Mujeebat ṣe dáadáa nínú ìdánwò rẹ̀, ó rí ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ gbà láti lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Rọ́ṣíà. Orúkọ ìlú náà ni Ọ́rẹ́nbọ́ọ̀gì. Kí n tó dá a lóhùn, mo pe Yẹ̀kínì sí pálọ̀.

"Apá ibo ni?"

Ó wá a títí. Mujeebat ló bá a kà á. Ó fi ìka lé apá Yúróòpù, létí ìlà funfun náà gan-an.

"Ibí yìí, ẹ̀gbọ́n mi. Yúróòpù ni."

"Òkun yìnyín yìí wà láàárín òun àti Éṣíà?"

Ó wo máàpù, ó wò mí. Mujeebat dúró lẹ́yìn mi, ó di ìró mi mú bíi ti ìgbà tó wà lọ́mọdé.

"Yúróòpù ni," ni Yẹ̀kínì tún wí.

Mo ní kó máa lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń pè, bí a bá ti kírun tán. Yóò sọ ti òtútù, yóò sọ ti àwọn ará Íńdíà tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì. Ó ní wọ́n ń se ọbẹ̀ pupa kan tí kò ní ata. Mo ní, "Pupa láìsí ata? Kí ló wá pọ́n ọn?" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Yẹ̀kínì yóò na ọrùn wọlé láti ìsọ̀, yóò ní, "Ẹ bá mi kí i, inú gúáfà ńkọ́?" Mujeebat á ní, "Ẹ sọ fún Bọ̀ọ̀dá Yẹ̀kínì pé kò sí gúáfà ńbí, yìnyín ló wà." Ọ̀rọ̀ yìnyín yẹn tún fi mí lọ́kàn balẹ̀ sí i.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, fídíò ló fi pè. Ó wà lórí afárá kan, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. Yẹ̀kínì wà lọ́dọ̀ mi.

"Mọ́mì, ẹ wò mí! Ẹsẹ̀ mi òsì wà ní Yúróòpù, ọ̀tún wà ní Éṣíà! Òpó ààlà nìyí, ẹ wò ó!"

Ó yí fóònù sílẹ̀. Mo rí omi abẹ́ afárá náà. Odò kan báyìí ni, igi wà létí rẹ̀ lápá méjèèjì, ọkùnrin kan ń fa ajá rẹ̀ kọjá. Ọmọkùnrin tó bá lápá lè ju òkúta sí òdìkejì rẹ̀. Mo ń wá òkun. Kí n tó lanu, ó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó fò sí apá kejì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.

Kì í ṣe pé ó gbàgbé fìdáù. Lójú tirẹ̀, Ṣáínà ni mo búra sí. Ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tí mo fi ẹnu mi sọ.

Mo gbé fóònù lé Yẹ̀kínì lọ́wọ́.

"Mọ́mì? Mọ́mì, ẹ ò gbọ́ mi? Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?"

"Mujee," ni Yẹ̀kínì wí, "a ó pè ẹ́ padà."

A kò pè é padà. Bí fóònù bá dún lọ́jọ́ Jímọ̀, màá wò ó títí yóò fi dákẹ́. Yóò wá dún ní ìsọ̀. Mo máa ń gbọ́ Yẹ̀kínì tó ń sọ fún un pé mo wà lọ́jà, pé mo ń sùn, pé ọ̀fun ń dùn mí. Kò mọ irọ́ pa, ọ̀fun yẹn dùn mí fún oṣù méjì. Lọ́jọ́ kan, ó wọlé wá bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ kan ló kù."

"Mo mọ iye ọmọ tó kù."

"Ẹ ṣàánú rẹ̀."

"Kùránì ni mo fọwọ́ lé, Yẹ̀kínì, kì í ṣe pátákó tí o fi ń lẹ bébà."

Ó jáde lọ. Nígbà tó tún padà wá, ọ̀rọ̀ ti le. Mujeebat ti mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀fun. Ó ti ní bí ìyá òun kò bá ní bá òun sọ̀rọ̀ mọ́, kí lòun ń kọ́ dókítà fún, òun ń bọ̀ wálé. Ọdún kan péré ló kù fún un. Ó ti ń ta àwọn ìwé rẹ̀ fún àwọn tó wà lẹ́yìn. Yẹ̀kínì sọ ọ́ tán, ó dúró. Mo rò ó pé bó bá dé náà ńkọ́, a ó kàn jọ máa gbé inú ilé kan láìsọ̀rọ̀ ni, nítorí ìbúra kò ní kí ó máa bọ̀ wálé kí n tó lè sọ̀rọ̀, ó ní kí ó má tẹ̀ ẹ́ rárá. Ó sì ti tẹ̀ ẹ́.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Yẹ̀kínì wọ pálọ̀ mi, ó gun àga, ó sì ń tú máàpù náà kúrò lára ògiri.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ tún un ṣe. Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n ti tún un ṣe."

"Kí ló ṣe é?"

Ó tẹ́ ẹ sórí pátákó níwájú ìsọ̀, ó ń da omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sí i lẹ́yìn, ó ń dúró, ó tún ń dà á. Mo tẹ̀ lé e jáde. Nígbà tí sítáàṣì àtijọ́ ti rọ̀, ó mú etí abala Yúróòpù, ó ṣí i díẹ̀díẹ̀ láìya á. Ó ṣí Éṣíà náà. Ó wá pè mí.

"Ẹ wá wo abẹ́ òkun yín."

Mo wò ó. Aṣọ funfun náà kò parí síbi tí ìlà yẹn parí. Ó lọ sábẹ́ Yúróòpù, ó lọ sábẹ́ Éṣíà.

"Aṣọ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Aṣọ tí mo rà ní Gbági. Ọyẹ́ ló dá òkun yẹn."

"O mọ̀ láti ọjọ́ yìí?"

"Mo mọ̀."

"O mọ̀ lọ́jọ́ tí mo bi ọ́?"

"Ẹ bi mí bóyá òkun wà láàárín. Mo ní Yúróòpù ni. Bí mo bá ní kò sí òkun, ọmọ ò ní lọ."

Mo bú u. Mo pè é ní onísítáàṣì ọ̀dàlẹ̀, mo ní ọwọ́ tó ń lẹ irọ́ mọ́ra kò níí ṣe oore. Mo sọ ọ́ kíkankíkan débi tí Zulaihat fi gbé ìkòkò rẹ̀ kúrò lórí iná kó lè gbọ́ dáadáa. Yẹ̀kínì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó na aṣọ tuntun, ó rin ín, ó pa á. Ó tẹ́ Yúróòpù. Ó gbé Éṣíà, ó dà á mọ́ ọn, ó ń tì í síwájú díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò. Odò bá odò. Rọ́ṣíà tó wà lápá ibí bá Rọ́ṣíà tó wà lápá ọ̀hún, inú gúáfà kan náà. Ó ti wà lápá méjèèjì láti ọjọ́ yìí wá, mo sì ń rí i láràárọ̀.

Èébú mi tán. Mo jókòó sórí àga Tísà.

"Ibo ló ń gbé, tún fi hàn mí."

Ó fi ọwọ́ òsì lé e.

"Ibi tí Mikail wà ńkọ́?"

Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé e lé ìsàlẹ̀ ibi yẹ́lò, létí òkun. Ó ní láti tẹ̀ bá máàpù kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó o.

"Kò sí omi òkun kankan láàárín ọwọ́ mi méjèèjì," ló wí. "Ilẹ̀ kan ni. Odò tẹ́ ẹ rí lábẹ́ afárá yẹn, àwọn èèyàn ló fún un níṣẹ́ ààlà. Láti ọjọ́ tí Mujee ti balẹ̀ ní Ọ́rẹ́nbọ́ọ̀gì ló ti wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n sin Mikail sí, ẹ sì ń bá a sọ̀rọ̀ ní Jímọ̀ Jímọ̀."

"Nígbà náà mo ti ba ìbúra jẹ́ tipẹ́."

"Ẹ ti bà á jẹ́."

"O sì ń wò mí."

"Mò ń wò yín, ẹ ń rẹ́rìn-ín."

Ó ṣì tẹ̀ bá máàpù náà. Mo wo àárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀nà jìn, ṣùgbọ́n ojú lè rìn ín.

"Ṣé ọkọ̀ ń gba ibẹ̀?" ni mo bi í.

"Ibo?"

"Láti ọwọ́ òsì rẹ sí ọwọ́ ọ̀tún."

Ó ní òun kò mọ̀. Ó nu sítáàṣì kúrò lọ́wọ́, ó pe Tísà. Mo gbọ́ ohùn Tísà nínú fóònù, ó ní ọkọ̀ ojú irin ni, yóò wọ ọ̀kan, yóò sọ̀, yóò wọ òmíràn, ṣùgbọ́n kò níí wọ ọkọ̀ òfuurufú, kò níí wọ ọkọ̀ ojú omi.

Mo lọ bá àlùfáà wa. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ jáde nínú ìbúra bẹ́ẹ̀ ní kàfárà láti ṣe, kí n bọ́ àwọn aláìní. Mo se ìrẹsì, mo gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ńlá Ọjà'ba fúnra mi, mo sì dúró títí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán. N kò dúró dọjọ́ Jímọ̀. Mo pe Mujeebat ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Fóònù kò tíì dún tán tó fi gbé e.

"Mọ́mì!"

"Lọ kí ẹ̀gbọ́n ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n mi wo?"

"Mélòó lo ní?"

Ó bi mí bóyá Ṣáínà ni mo ń sọ. Mo ní òun ni. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ gba àwọn ìwé rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn tó tà á fún.

Ìsinmi gígùn ló dúró dè, ní ọdún tó ṣáájú kòrónà. Ìwé ìrìnnà ló pẹ́ jù. Nígbà tó gbéra, ó ń pè wá ní gbogbo ibùdó tí ọkọ̀ bá ti dúró pẹ́, Yẹ̀kínì á sì fi bírò tò ó sára máàpù pálọ̀ mi. Ó ti gbẹ nígbà náà, ó ti padà sára ògiri. Àwọn orúkọ náà kọ́ ọ lẹ́nu. Tísà máa ń jókòó tì í, yóò ní kó tún un pè, yóò sì rẹ́rìn-ín. Kàsàkìsítáànì, tó jẹ́ àwọ̀ ọsàn, gbà á lọ́jọ́ púpọ̀. Mujeebat ní òun kò rí igi, òun kò rí òkè, koríko ni láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ fún un ní tíì àti búrẹ́dì nínú ọkọ̀, wọ́n ń fọwọ́ kan irun rẹ̀. Ó wọ Ṣáínà láti ẹ̀yìn, níbi tí àwọn oníṣòwò wa kì í gbà wọ̀ ọ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi dé etí òkun. Àmì bírò náà ti ibi odò ààlà kúrò, ó ń lọ ní wẹ́wẹ́ bí ipa èèrà. N kò jókòó kẹ̀yìn sí apá yẹn mọ́.

Ọ̀rẹ́ Mikail kan tó ṣì ń ra ọjà ní Gúáńsú ló mú un lọ sí itẹ́ òkú náà. Òkúta kékeré ló wà lórí sàréè rẹ̀. Mujeebat gbé fóònù sókè, a jọ ka Fátíà, èmi níhìn-ín, òun lọ́hùn-ún. Mo bi í bóyá ibẹ̀ mọ́. Ó ní ó mọ́. Mo bi í bóyá igi wà níbẹ̀. Ó ní ó wà, ó fi hàn mí. N kò mọ ohun mìíràn tí mo tún lè béèrè, ó sì pẹ́ tí mo ti ń kó ìbéèrè jọ.

Yẹ̀kínì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Mujee, gbé e sún mọ́ ilẹ̀."

Mujeebat bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Koríko ni a kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ ya koríko sọ́tọ̀. Erùpẹ̀ pupa ni. Ó pupa bíi ti ẹ̀yìnkùlé wa, irú èyí tó máa ń mọ́ ẹsẹ̀ ọmọdé lára bí òjò bá rọ̀ ní Bẹ́yẹrúnkà. Yẹ̀kínì wò ó títí. Ó gbé fóònù fún mi, ó lọ síbi ògiri, ó fi ìka lé ibi tí àmì bírò parí sí.

"Yẹ́lò ni wọ́n kùn ún síbí," ló wí.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mò ń kó abọ́ mi lọ sọ́jà, mo gbọ́ ọ nínú ìsọ̀ tó ń bá àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú jà lórí fóònù.